Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ọmọ Sọ Ìbànújẹ́ Ọkàn Rẹ̀ fún Àjèjì?



Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wa ní ọjọ́ kan, ìyá kan nínú yín dúró dè mí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà ti ń fi tẹlifóònù sọ ìbànújẹ́ ọkàn rẹ̀ fún ẹnì kan tí kò rí rí, àti pé ilé-ìwé rẹ̀ ni ó fi ọ̀nà náà hàn án. Inú bí baba rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ti di ti òde. Ìyá náà wá bi mí pé: "Olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni èyí? Àbí àdúrà kò tó ni?" Ìbéèrè yìí kan gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Kooth. Ó ti tó nǹkan bí 20 ọdún tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè, ètò ìlera ìjọba ni ó ń san owó rẹ̀; ọmọ kì í san nǹkan kan. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa lọ sí ilé-ìwé láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ lè wọlé láìsọ orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ó sì kọ̀wé sí olùgbani-nímọ̀ràn tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ náà, tí yóò sì dá a lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ náà bá fi hàn pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, òṣìṣẹ́ náà kò ní pa á mọ́ra. Yóò wá àwọn tí ó lè gbà á là.

Kí ni ó dé tí ọmọ àwọn ènìyàn dúdú fi lè fẹ́ irú ibi ìkọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn ènìyàn dúdú kò pọ̀ ní ilẹ̀ náà. Àkọsílẹ̀ ìjọba ibẹ̀ sì fi hàn pé, bí a bá fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ funfun, iye ìgbà tí a ń fi agbára òfin dá wọn dúró sí ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó rí i tí a fi ipá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀ kò ní fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn náà. Nínú ilé pẹ̀lú, bí ọmọ bá ní inú òun bàjẹ́, a ó ní: "Kí ni o ò rí jẹ? Lọ gbàdúrà." Ọmọ wá wà láàárín ilẹ̀kùn méjì tí ó tì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ kò gbọdọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Kìíní Àwọn Ọba, orí 19. Wòlíì Èlíjà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun ní òkè Kámẹ́lì, sá lọ sí aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò pè é ní aláìgbàgbọ́. Ó jẹ́ kí ó sùn. Ó fi àkàrà àti omi rán áńgẹ́lì sí i. Ní Hórébù, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ ẹ̀dùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fún un ní Èlíṣà, kí ó má baà dá nìkan wà. Ìwé Síráákì, orí 38, sì kọ́ wa pé kí aláìsàn gbàdúrà, kí ó sì fi àyè gba oníṣègùn, nítorí Ọlọ́run ni ó dá a. Kò ní kí a mú ọ̀kan, kí a fi èkejì sílẹ̀.

A ní àpẹẹrẹ nítòsí. Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Benin wa, ń tún táyà ọkọ̀ ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Òwò rẹ̀ bàjẹ́, ìbànújẹ́ sì mú un débi pé ó rò láti pa ara rẹ̀. Àlùfáà kan tẹ́tí sí i, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti lọ sí ìrìnàjò mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1982. Lẹ́yìn náà ni ó dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀, èyí tí ó ti tú ọ̀pọ̀ alárùn ọpọlọ kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ilé ìtọ́jú ẹgbẹ́ náà wà ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Etí ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ń dáhùn nínú tẹlifóònù ni ènìyàn. Láti ìparí ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń sọ ẹ̀dùn wọn fún ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, irú bíi ChatGPT. Ìwé Antiqua et Nova, tí Ìjọ gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025, rán wa létí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe bí ẹni pé ó káàánú, ṣùgbọ́n kò ní àánú nínú. Nítorí náà, kí ọmọ kọ́ láti béèrè ohun mẹ́ta: Ta ni ó ń dá mi lóhùn? Ta ni yóò pa ọ̀rọ̀ mi mọ́? Ṣé ọ̀nà yìí ń mú mi padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn, àbí ó ń mú mi jìnnà sí wọn?

Ẹ má sì ṣe da ìbànújẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni à ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà, a kò sì lè fi tẹlifóònù ṣe é: Ìjọ ti sọ ọ́ kedere ní ọdún 2002 pé kò sí sákírámẹ́ńtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ni ìbànújẹ́. Ìtọ́jú ni ọgbẹ́ ń fẹ́, kì í ṣe ìbáwí.

Èyí ni mo fi dá ìyá náà lóhùn: ọmọ náà kò ṣẹ̀. Iyì ilé dára, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ ju iyì ilé lọ. Mo ní kí ó bẹ àbúrò rẹ̀ pé kí ó má ṣe gba tẹlifóònù lọ́wọ́ ọmọ, kàkà bẹ́ẹ̀ kí ó jókòó tì í, kí ó bi í léèrè, kí ó sì dákẹ́ láti gbọ́. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Àjèjì lè gbé àkàrà àti omi dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú aginjù. Síbẹ̀ ọmọ náà ń fẹ́ Èlíṣà tí yóò máa bá a rìn. Ìbéèrè tí ó le jù kò sí lọ́rùn ọmọ, ọrùn wa ni ó wà: èéṣe tí ó fi jẹ́ àjèjì ni ó kọ́kọ́ gbọ́?

Nínú ìmúrasílẹ̀ yín ní Sátidé Mímọ́, a lè ṣe ètò Éfátà fún yín. A ó fọwọ́ kan etí yín, lẹ́yìn náà ètè yín. Ẹ kíyè sí i pé etí ni ó ṣáájú. Nípa Ìrìbọmi ẹ óò di ẹ̀yà ara kan ṣoṣo, bí ẹ̀yà kan bá sì ń jìyà, gbogbo ara ní ń jìyà. Kí Olúwa ṣí etí wa, kí ọmọ inú ilé wa má baà wá etí lọ sí òkèèrè kí ó tó rí ẹni gbọ́ ọ.

Fún ìjíròrò:
1. Ta ni ọmọ inú ilé rẹ lè sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún láìbẹ̀rù?
2. Bí ẹnì kan bá fi àṣírí ọkàn rẹ̀ hàn ọ́, ìgbà wo ni ó yẹ kí o pa á mọ́, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí o wá ìrànlọ́wọ́?