Ọkọ̀ Ògbólógbòó àti Gbèsè Àtijọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò kan ládùúgbò wa yá owó lọ́wọ́ mi nígbà kan, kò san án, ó wá ń sá fún mi. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó wá kí mi nílé. Ó ti jáwọ́ nínú ọtí, ó ti jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́, ara rẹ̀ ń dán. Bí mo ṣe mẹ́nu ba owó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó jẹ yín lówó ti kú. Ẹni tuntun lẹ ń wò yìí o.”

Irọ́ kọ́, ó ti yí padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó mi ńkọ́?

Ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan ló là mí lójú. Ní ọdún 1892, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ti wọ́n fún Joshua Slocum, ògbóǹtarìgì atukọ̀, nítorí pé ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ń gba iṣẹ́ mọ́ ọkọ̀ ìgbòkun lọ́wọ́. Ọ̀gá atukọ̀ kan ní òun yóò ta á lọ́rẹ ọkọ̀ kan ní ìlú Fairhaven, àmọ́ ó fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. Háà! Nígbà tí Slocum débẹ̀, orí pápá ló bá ọkọ̀ náà, tí wọ́n fi aṣọ bò, tó ti gbó kọjá sísọ. Spray lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rò pé ó wá tú u palẹ̀ ni. Ó ní rárá, òun fẹ́ tún un ṣe ni. Wọ́n ní: ṣé èrè wà níbẹ̀?

Slocum gé igi óákù, ó fi ṣe ìdí ọkọ̀. Ó fi ooru omi gbígbóná rọ igi kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ń yọ èyí tó jẹrà, ó ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Oṣù mẹ́tàlá ló fi ṣe é, ohun èlò sì ná an ní dọ́là 553.62. Nígbà tó parí, òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó ṣòro láti sọ ìgbà tí ọkọ̀ àtijọ́ kú àti ìgbà tí a bí tuntun. Síbẹ̀, Spray ni ó ń jẹ́. Àṣà àwọn atukọ̀ ni pé ọkọ̀ tí a tún ṣe títí tó fi di tuntun pátápátá, ọkọ̀ náà ni síbẹ̀.

Ní April 24, 1895, Slocum nìkan wọ ọkọ̀ yìí kúrò ní Boston. Ní June 27, 1898, ó gúnlẹ̀ sí Newport. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó dá nìkan fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po.

Ẹ wá wo ẹ̀kọ́ méjì níbẹ̀. Èkíní, pákó tuntun kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹni tó fi í yí ayé po gúnlẹ̀ láyọ̀. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ti yọ ìwà tó jẹrà kúrò, kò yẹ ká máa ru pákó tó sọ nù tẹ̀lé e kiri. Àmọ́ kó jẹ́ pé ó yọ ọ́ lóòótọ́ o! Àwọn tó ń ra ọkọ̀ àlòkù mọ̀ pé ọ̀dà tuntun lè bo igi jíjẹrà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún igi wò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Èkejì, orúkọ kò yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ jogún iyì orúkọ àtijọ́, á jogún gbèsè rẹ̀ pẹ̀lú.

Mo sọ fún un pé: “Àbúrò, pákó rẹ tuntun, mo gbà. Mo lè bá ẹ wọkọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ló wà nínú ìwé.”

Ó dákẹ́ títí. Nígbà tí oṣù parí, ó mú díẹ̀ wá. Ọjọ́ náà ni mo tó gbà pé ó ti di ẹni tuntun.