Àṣírí Aláìsàn



Nínú Ìhìnrere tí Máàkù Mímọ́ kọ, ní orí 7, a kà nípa adití kan tí ó tún ń kólòlò, tí àwọn ènìyàn mú tọ Olúwa wa wá. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá wu Jésù, ì bá ti wò ó sàn lójú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ mú ọkùnrin náà kúrò láàrin èrò lọ sí apá kan, kí ó tó fi ọwọ́ kan etí àti ahọ́n rẹ̀. Àwa a máa yára ka ibẹ̀ kọjá kí a lè dé ibi iṣẹ́ ìyanu. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀: Ẹni tí ó dá ara ènìyàn kò sọ àìlera ènìyàn di ìran wíwò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá wọ ilé ìwòsàn. Ó jókòó níwájú dókítà, ó sì sọ ohun tí kò tí ì sọ fún ọbàkan tàbí ìyekan. Ó ṣí aṣọ rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni a kọ sínú fáìlì tàbí sínú kọ̀ǹpútà: àrùn tí ń ṣe é, oògùn tí ó ń lò, oyún tí ó bàjẹ́, ọkàn tí ó dàrú. Fáìlì yìí a sì máa gba ọwọ́ akọ̀wé, ọwọ́ nọ́ọ̀sì àti ọwọ́ àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kí ló dé tí ó fi tú ara rẹ̀ palẹ̀ tó báyìí? Nítorí pé bí kò bá sọ ọ́, a kò lè wò ó sàn ni. Àìní ló mú un sọ̀rọ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló sì fi sọ ọ́. Nítorí náà, ohun tí ó sọ kò di ti ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ohun ìfipamọ́ ni. Ẹni tí a fi owó pamọ́ sí lọ́wọ́ tí ó sì ná an, olè ni a ń pè é. Kí ni kí a wá pe ẹni tí a fi àṣírí pamọ́ sí lọ́wọ́, tí ó lọ ná an lọ́jà?

Ìyá wa Ìjọ Mímọ́ kò fi ọ̀rọ̀ yìí bò fún wa. Èdìdì ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò ní ìyọsílẹ̀ kankan: àlùfáà kò gbọdọ̀ tú u, àní bí ikú bá dé. Àṣírí tí ó wà lọ́wọ́ dókítà kì í ṣe ti sákráméńtì, ó sì ní ààlà tirẹ̀. Síbẹ̀, Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì tí a gbé jáde ní ọdún 1992 kọ́ wa, ní ìpín 2491, pé dandan ni fún àwọn oníṣègùn láti pa àṣírí iṣẹ́ wọn mọ́, àyàfi níbi tí ìpamọ́ náà bá fẹ́ fa ìpalára ńláǹlà, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti fi dènà rẹ̀ ju kí a sọ òtítọ́ lọ.

Òfin ìlú pàápàá wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ètò Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, ní ìpín 26, ka ìlera aláìsàn, ìtọ́jú rẹ̀, àní wíwà tí ó wà ní ilé ìwòsàn, sí àṣírí. A lè sọ ọ́ bí aláìsàn bá fi ọwọ́ sí ìwé pé òun gbà, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá béèrè rẹ̀, tàbí bí ìdákẹ́ bá fẹ́ mú ewu ńlá bá ìlera gbogbo ìlú. Òbí ni ó ń gbà fún ọmọdé.

Ẹnìkan lè wí pé, “Fádà, òtítọ́ ni mo sọ, n kò purọ́ mọ́ ọn.” Mo dá a lóhùn pé irọ́ nìkan kọ́ ni a fi ń ṣẹ ọmọnìkejì. Ẹni tí ó tú àléébù òtítọ́ síta láìní ìdí tí ó tọ́, ó ti ba orúkọ arákùnrin rẹ̀ jẹ́. Bí èyí bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nípa àléébù, mélòómélòó ni nípa àìsàn, tí kì í ṣe àléébù rárá? Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kì í ṣe gbogbo aṣọ ni à ń sá sóòrùn.

Ẹ má sì ṣe rò pé ẹnìkan ṣoṣo ni ìpalára rẹ̀ ń dé bá. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin kan lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì rí ikọ́ ife lára rẹ̀. Kí ó tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. Àwọn oníbàárà yà kúrò nídìí àtẹ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni a sábà máa ń fi lo oògùn ikọ́ ife láìdáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ti padà sí ibi tí ẹ̀sín rẹ̀ ti jáde wá? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Yóò jókòó sílé, yóò máa wúkọ́ láàrin àwọn ọmọ rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ tí òun náà ń wúkọ́, tí ó sì rí ohun tí ojú obìnrin yìí rí, kò ní lọ ṣe àyẹ̀wò rárá. Báyìí ni ahọ́n kan ṣoṣo ṣe ń ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn mọ́ odindi àdúgbò.

Ǹjẹ́ èyí túmọ̀ sí pé kí a máa fi àrùn tan ara wa jẹ? Rárá o. Ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó, tí ó mọ̀ pé òun ní kòkòrò HIV, tàbí pé AS ni ẹ̀jẹ̀ òun, jẹ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní gbèsè òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ ni kí òtítọ́ náà ti jáde, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ dókítà, kì í ṣe ẹnu akọ̀wé, kì í sì í ṣe ẹnu ẹgbẹ́ akọrin.

Nítorí náà, mo fi ìfẹ́ baba gba yín níyànjú.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí ẹ wà láàrin wa, ẹ má ṣe pe orúkọ àrùn sókè níbi tí àwọn ènìyàn jókòó sí. Ẹ má ṣe ya àwòrán ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí ẹni tí kò lọ́wọ́ nínú ìtọ́jú náà. Bí dókítà bá kọ̀wé sí dókítà nítorí ìwòsàn aláìsàn, ìyẹn tọ́.

Ẹ̀yin tí ń bẹ aláìsàn wò, oúnjẹ àti àdúrà ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ má ṣe ka ìwé tí ó wà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ń mú orúkọ aláìsàn wá fún àdúrà ní Mísà, tàbí tí ń fi í sórí WhatsApp ẹgbẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ nìkan. Ọlọ́run ti mọ àrùn náà kí a tó fi tó o létí.

Ẹ̀yin tí ń múra ìgbéyàwó, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín. Kò tọ́ kí ìgbìmọ̀ kankan sọ ọ́ di ìwé tí ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ìwé Sírákì, ní orí 27, fi yé wa pé a lè di ọgbẹ́, a sì lè parí ìjà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tú àṣírí ti ba ohun tí kò ní ìrètí àtúnṣe jẹ́. Lójoojúmọ́ ni a ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó bo àṣírí wa. Ẹni tí ń tọrọ aṣọ fún ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa bọ́ aṣọ lára ọmọnìkejì.

Kí Màríà Wúńdíá, Ìlera àwọn aláìsàn, bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.

Àlùfáà yín nínú Krístì.