Ta Ló Ni Orin Tí A Fi Ìyà Ẹlòmíràn Kọ?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Bí olórin bá rìnrìn àjò, tó rí ìyà níbi tó dé, tó fi ìyà náà kọ orin, tí orin náà sì mówó wọlé, ta ló ni orin yẹn? Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ni, àbí ẹni tó jẹ ìyà?

Ọ̀rọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ló fà á. Daniel Balavoine ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1952 ni wọ́n bí i, olórin tó lókìkí gidi ni nílẹ̀ wọn. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀. Ẹ ó ti gbọ́ nípa ìdíje Paris sí Dakar. Thierry Sabine ló dá a sílẹ̀. Orí alùpùpù ni Sabine wà ní 1977 tó fi sọnù sínú aṣálẹ̀ Líbíà. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, kàkà kó sá fún yanrìn, ńṣe ló ní òun yóò kó àwọn ẹlòmíràn wá. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978 ni ìdíje àkọ́kọ́ gbéra ní Paris.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Balavoine jókòó ti awakọ̀ nínú ìdíje náà. Kò pẹ́ tí ìdíje fi já mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ì bá fi ìbínú wọ bàálù padà sílé. Òun dúró, ó ń wo Áfíríkà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń sáré kì í rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lojú tó ń ríran. Nígbà tó padà délé, orin inú rẹ̀ ti yí padà. Ọdún yẹn kan náà ló gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde, tí àkọlé rẹ̀ ń sọ nípa ibi tó jìnnà sójú àwọn òyìnbó. Ní 1985, lẹ́yìn tí ọ̀dá ti fojú àwọn ará etí aṣálẹ̀ rí màbo, ó kọ orin ọmọdé kan tó jókòó, tó ń retí òjò.

Àwọn kan á ní, "Kí ló burú níbẹ̀? Olórin kì í ṣe agbẹ́kànga. Bí gbogbo olórin bá gbé ṣọ́bìrì, ta ni yóò kọrin?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èmi náà ti fi gbèjà ara mi rí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ìwé ìròyìn wa rán mi lọ sí abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo fi tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé ìyá àgbà kan lọ sódò. Nígbà tí a padà dé, ó sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bu ife àkọ́kọ́ fún mi. Mo mu ún. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Áà, wọ́n yìn mí! Lẹ́tà ń wọlé, olóòtú bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n tilẹ̀ fi nǹkan kún owó oṣù mi.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ mi gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá yìí dá mi mọ̀. Garawa kan náà ló wà lórí rẹ̀.

"Akọ̀wé, ọmọ mi, ìwé tí o kọ nípa wa, ṣé àwọn tó ń gbẹ́ kànga kà á?"

"Màmá, mi ò mọ̀."

Lóòótọ́ ni mi ò mọ̀. Mi ò bèèrè rí.

Nítorí náà ni ohun tí Balavoine ṣe ní 1986 ṣe wọ̀ mí lára. Ó padà sínú ìdíje náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti sáré. Ètò ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi fún àwọn abúlé ló bá wá. Lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kìíní, hẹlikópítà tó gbé òun àti Sabine já ní Màlì. Àwọn márààrún tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ikú rẹ̀ kọ́ ni mo ń yìn. Ikú lè pa ẹni tó wá wòran lásán. N kò sì sọ pé ó dára kí ọkọ̀ olówó gọbọi máa da eruku sí àwọn tí òǹgbẹ ń gbẹ lójú. Ìdíje yẹn náà ti lọ. Wọ́n wọ́gi lé e ní 2008 nítorí ààbò, wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní 2009, láti 2020 ó sì ti di ti Sàúdí Arébíà. Àwọn tó ń gbé létí ọ̀nà rẹ̀ ní Màlì kò bá a lọ. Ohun tí mo yìn ni pé olórin náà padà wá.

Ìdáhùn tèmi nìyí: ẹni tó kọ orin ló ni orin, ṣùgbọ́n gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe gbèsè pé kó gbẹ́ gbogbo kànga ayé. Kó padà lọ ni, kó bèèrè, kó sì fi orúkọ tí orin náà fún un kan ilẹ̀kùn tí àwọn tó ni ìyà kò lè kàn.

Èmi náà ti padà lọ. Mo mú ìwé ìròyìn náà dání, èmi àti Màmá jọ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tọ́rọ̀ kàn. Wọ́n ní ká lọ ká bọ̀. A ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kànga kò tíì sí. Ṣùgbọ́n Màmá ti ní nọ́ńbà fóònù mi báyìí, bó bá sì ti pè, mo máa ń gbé e.