Ta ni Ojo Nínú Ẹ̀fúùfù?

Kò sí ìran ènìyàn tí kì í yin ìgboyà. Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: bí ọkùnrin kan bá lágbára láti ṣe ohun tí ó léwu, tí ó sì kọ̀ láti ṣe é lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ojo ni í ṣe? Eré ìdárayá tí àwọn òyìnbó ń pè ní hang gliding yóò ràn wá lọ́wọ́ láti yẹ ìbéèrè yìí wò.

Nínú eré yìí, ènìyàn a so ara rẹ̀ rọ̀ sábẹ́ ìyẹ́ aláṣọ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, a sì sáré láti orí òkè kojú afẹ́fẹ́ títí ìyẹ́ yóò fi gbé e. Afẹ́fẹ́ tí ó gbé e yìí náà ni ó lè pa á. Bí ẹ̀fúùfù bá yára ju ìyẹ́ lọ, ẹ̀yìn ni yóò máa gbé e lọ. Bí ó bá sì gbé e dé ẹ̀yìn òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ gbé ń yí bí omi tí ó kọlu àpáta, ó lè dojú ìyẹ́ náà dé. Otto Lilienthal, ará Jámánì, fi irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ fò tó ìgbà 2,000 láàárín ọdún 1891 sí 1896. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, ó já lulẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 15, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó pa á.

Ní ọdún 1976 ni ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Kössen, ní ilẹ̀ Austria. Alábòójútó ìdíje lè fagi lé eré ọjọ́ kan nítorí ẹ̀fúùfù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí wọn máa lọ, olúkúlùkù ni yóò pinnu fún ara rẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dìdì. Ẹni tí ó dúró sórí òkè kò ní gba máàkì. Bí ẹnìkan bá sì fò, ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ìyókù.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀mí olúkúlùkù, tirẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó ń wo ọ̀gá rí i pé ó fò. Kò rí ogún ọdún tí ọ̀gá fi kọ́ ọ. Ìgboyà ọ̀gá lè tipa bẹ́ẹ̀ di okùn lọ́rùn ọmọdé. Bí ọ̀gá kan náà bá tú okùn ara rẹ̀, tí ó ní òun kò lọ, ó ti fún àwọn aláìlágbára láyè láti dúró láìsí ìtìjú.

A kò sọ pé kí ènìyàn máa sá fún gbogbo afẹ́fẹ́ o. Láìsí afẹ́fẹ́, kò sí fífò. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni ìdí: ṣé ẹ̀fúùfù ni ó wọ̀n kí ó tó lọ, àbí ojú ènìyàn? Akínkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Ní tèmi, ẹni tí ó fi ojú ènìyàn sílẹ̀, tí ó wo ojú ọ̀run, tí ó sì padà, kì í ṣe ojo.