Kí A Tó Gbin Òdòdó Sójú Oòrùn Ọ̀sán

Bí wọ́n ti ń ṣe níbì kan, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Òwe yìí kò mọ sórí àṣà ìlú nìkan. Ó ń bá ẹni tó ń gbin òdòdó wí pẹ̀lú. Igi tó tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ ìbòòji olódòdó ẹ̀bá títì, bí a bá gbé e lọ síwájú ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ewé rẹ̀ lè jóná kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibi tí oòrùn kì í dé àfi lọ́sàn-án, ààbọ̀ oòrùn ló ń rí, igi tó fẹ́ ìbòòji á sì rọ́wọ́ mú níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, oòrùn tó yọ síbẹ̀ ní agogo 12 kì í wọ̀ kó tó kọjá agogo 6 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí 6 gbáko nìyẹn. Oòrùn òwúrọ̀ ń bá ìrì nílẹ̀. Ti ọ̀sán ń bá ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ti gbóná. Ògiri sìmẹ́ǹtì á tún mu ooru sára, á máa tú u jáde lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Igi tó lágídí ló yẹ ibẹ̀. Bougainvillea fẹ́ irú oòrùn bẹ́ẹ̀. Bó bá wà ní ìbòòji, ewé lásán ni yóò máa hù. Làlí náà yẹ ibẹ̀, torí ooru ilẹ̀ Hausa kò ṣàjèjì sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọgbà tún bọ́ òun, kó gbin ewúro. Ixora fẹ́ràn oòrùn, àmọ́ kò fẹ́ràn sìmẹ́ǹtì tó ń ṣàn wọ ilẹ̀ láti ara ògiri: ewé rẹ̀ á máa pọ́n. Pérégún tí ewé rẹ̀ ní ìlà, ìhà ìlà-oòrùn ni kí ẹ fi í sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbin igi tí ẹ bá yàn, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ sí ògiri, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ẹ tètè máa gé bougainvillea, torí ẹ̀gún rẹ̀ kì í mọ olóko.

Kí ẹ tó fowó ra igi kankan, ẹ lọ dúró síbẹ̀ ní agogo 3 ọ̀sán. Igi tí kò bá lè fara da ohun tí ara yín gbà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún olódòdó.