MÁ JẸ, MÁ MU

Kà: Àwọn Ọba Kìn-ín-ní 13:7-24
Àkọ́sórí: Lúùkù 16:10 (Ka ẹsẹ yìí sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta)

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, inú ń run mí lápá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà, pàápàá bí mo bá jẹ oúnjẹ tí epo pọ̀ nínú rẹ̀. Dókítà ní kí n lọ ṣe síkáànù ikùn. Àṣẹ kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì kọ fún mi: kí n má jẹ ohunkóhun fún wákàtí 8 kí n tó dé. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 rí! Kí ni wákàtí 8 já mọ́?

Olùfẹ́, àkàrà ni ó ṣẹ́gun mi. Òórùn rẹ̀ gbá mi nímú ní ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì jẹ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní, "Rárá o." Arákùnrin tí ó ń ṣe síkáànù náà gbé ẹ̀rọ lé ikùn mi, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Bàbá, ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí." Ojú tì mí gidigidi. Wọ́n ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Báwo ni ó ṣe mọ̀? Ó ṣàlàyé fún mi pé abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni àpò òróòro wà. Bí ènìyàn kò bá jẹun, òróòro a kún inú rẹ̀. Bí òkúta bá wà níbẹ̀, yóò hàn. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ ọlọ́ràá bá ti dé inú ìfun, àpò náà a sún kì, a sì tú òróòro rẹ̀ jáde. Oúnjẹ a tún máa mú afẹ́fẹ́ wá sínú ikùn, ìró tí ẹ̀rọ náà fi ń ríran kò sì lè la afẹ́fẹ́ kọjá. Àkàrà mẹ́ta ni ó bo ohun tí ó ń pa mí lára mọ́lẹ̀!

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, arábìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kí ó mu omi tó bíi lítà kan, kí ó má sì lọ tọ̀, nítorí àpò ìtọ̀ tí ó kún ni ó ń jẹ́ kí wọ́n rí ilé ọmọ dáadáa. Ó ní ààwẹ̀ ni òun wà, òun kò ní mu. Òun náà padà sílé lófo. Èmi jẹ nígbà tí wọ́n ní kí n má jẹ. Òun kò mu nígbà tí wọ́n ní kí ó mu. Ọ̀kan náà ni wá: a kò gbọ́ràn.

Wo ènìyàn Ọlọ́run inú ẹ̀kọ́ wa. Ọlọ́run ti sọ fún un pé kí ó má jẹ, kí ó má mu ní Bẹ́tẹ́lì. Ó kọ oúnjẹ ọba! Ṣùgbọ́n nígbà tí wòlíì àgbà kan purọ́ fún un pé áńgẹ́lì ní kí òun mú un wá sílé, ó padà, ó jẹ, ó mu. Kìnnìún pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó borí àsè ọba ṣubú nídìí oúnjẹ ilé wòlíì àgbà. Ará mi, ta ni ó ń yí àṣẹ Ọlọ́run padà fún ọ?

Nígbà tí mo padà lọ pẹ̀lú ikùn òfìfo, òkúta náà hàn kedere. Wọ́n tọ́jú mi, ògo ni fún Ọlọ́run! Ohun tí ó bá hàn ni a ń tọ́jú. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń gbàdúrà pé kí Olúwa wo ọkàn wa, tí a sì ti fi irọ́ bo ibi tí ó ń dùn wá. Sọ òtítọ́ fún un lónìí.

OHUN ṢÍṢE: Bí o bá ní síkáànù láti ṣe, béèrè ìlànà tìrẹ, má ṣe tẹ̀lé ti aládùúgbò, nítorí wọn kò rí bákan náà. Bí o bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí o ń lo oògùn lójoojúmọ́, sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà. Má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ. Bí o bá sì ti ṣèèṣì jẹun, jẹ́wọ́.

ÀDÚRÀ
1. Baba, dárí ìwà àìgbọràn mi jì mí, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, ohunkóhun tí ó fara pamọ́ nínú ara àti ọkàn mi, tú u síta kí o sì wò ó sàn.
3. Gbàdúrà fún gbogbo ẹni tí ó ń lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, àti fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wọn.