Ojú Owó Ìyàwó Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ilé

  

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n lára nínú àwa tí a ń gbé Kano. Ní oṣù keje ọdún náà, tí ààrẹ kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì, ni mo mú owó tí ìyá àwọn ọmọ mi fi ń ta ẹ̀wà ní mudu-mudu, mo fi ra ìrẹsì àti gàrí. Mo ní n ó dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jẹ ẹ́ tán. Ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní títì fún oṣù mẹ́rin. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní Kùránì!

Ẹ wo Súrà An-Nisá'i. Ní ẹsẹ 32, Ọlọ́hun ní ohun tí obìnrin bá ṣiṣẹ́ rí, ìpín tirẹ̀ ni. Ní ẹsẹ 34, Ó gbé ìnáwó ilé lé ọkùnrin lọ́wọ́. Sòdáàkì tí àwa fúnra wa san pàápàá, ẹsẹ 4 ní a kò lè jẹ nínú rẹ̀ àfi èyí tí ó bá fi tinútinú yọ̀ǹda. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ojú owó.

Bí ó bá ràn wá lọ́wọ́ ńkọ́? Zainab, ìyàwó Abdullahi ọmọ Mas'ud, béèrè bí òun bá lè ná sàráà òun lé ọkọ òun lórí. Ànábì ní ẹ̀san méjì ni yóò gbà, ti ìbátan àti ti sàráà. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Ṣùgbọ́n sàráà ni, ẹ̀yin alhaji! Ta ní í fi ipá gba sàráà?

Ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe ni kí n ti ra oúnjẹ pamọ́ nígbà ìkórè, tí ọjà Dawanau máa ń rọ̀. Ànábì Yúsúfù ṣe é ní Íjíbítì fún ọdún méje, ó ní kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀. Ànábì wa náà tọ́jú oúnjẹ ọdún kan fún ará ilé rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìkójọpamọ́ tí a fi ń fẹ́ kí ọjà wọ́n, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Fún ẹ̀wà, àpò onípele mẹ́ta ni kí ẹ rà, kí ẹ so ó pinpin kí atẹ́gùn má wọlé. Kòkòrò á kú fúnra rẹ̀. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i, ó ń pa ènìyàn.

Ìyá àwọn ọmọ ti padà sí ìsọ̀. Mo ti san ìdajì owó rẹ̀. Ìyókù ṣì wà lọ́rùn mi.